Ta ni onímọ̀ nínú ìwádìí wa: ẹni tó mú bébà dání, àbí ẹni tó jókòó ti agbada gàrí?

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí a ti parí sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá. Mo fẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò níbí, nítorí mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òbí àti àwọn oníṣòwò ló pọ̀ jù lára wa, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù.

Mo ń kọ́ni ní ọ̀kan lára àwọn yunifásítì agbègbè wa. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí mò ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá wọn yan kókó kan tó dùn mọ́ mi púpọ̀, èyí tí í ṣe bí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ṣe ń pín iṣẹ́ àti owó láàárín ara wọn. Ó kọ ogójì ìbéèrè sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa, èmi náà sì fọwọ́ sí i. Ó kó wọn lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí ó dé orí ìbéèrè kẹsàn-án, ìyá àgbà kan gbé igbá tó fi ń ro gàrí sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni ẹnì kẹta tó máa wá bi wá ní irú èyí. Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ kò padà wá mọ́. Ta ló ń ka ohun tí ẹ ń kọ nípa wa?" Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò ní èsì kankan fún un. Nígbà tí ó sì wá ròyìn fún mi, èmi náà kò ní.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti padà sídìí ohun tí àwọn obìnrin onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kọ lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ́ni kí a sì máa ṣèwádìí. Ẹni tí mo kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Mọlará Ògúndípẹ̀, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ògúndípẹ̀-Leslie. Mo máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi létí pé Ìjẹ̀bú-Igbó wa yìí ni ó ti papò dà ní oṣù Kẹfà ọdún 2019. Nínú ìwé rẹ̀ Re-Creating Ourselves, tí ó jáde ní 1994, ó pe èrò tirẹ̀ ní Stiwanism, tí ó túmọ̀ sí àtúntò àwùjọ tí ó kó obìnrin Áfíríkà mọ́ra. Òun náà ló sọ pé òkè mẹ́fà ni obìnrin Áfíríkà gbé pọ̀n: ìnilára tó wá láti òkè òkun, àṣà ìbílẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìfàsẹ́yìn tí ìjọba amúnisìn, òṣì àti àìmọ̀kan fà bá a, ọkùnrin, ẹ̀yà àti àwọ̀ ara rẹ̀, àti òun fúnra rẹ̀. Ó ní òkè kẹfà yìí, ìyẹn òun fúnra rẹ̀, ló ṣe pàtàkì jù.

Ìbéèrè mi nìyí. Bí obìnrin kan bá ti yan gàrí láti ogójì ọdún, tí ó sì mọ ohun tí kò sí nínú ìwé wa, kí ló dé tí a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dáhùn ìbéèrè, tí a kì í kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀? Kí sì ni a lè yí padà nínú kíláàsì àti nínú ìwádìí, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán?

Bàbá Ìperu

Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Olùkọ́ ni èmi náà kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìyá elégàrí yẹn wọ̀ mí lára ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ń gbé e gbà ń kọ mí lóminú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi bò.

Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ní àwọn yunifásítì wa máa ń pe èrò yìí, tí òyìnbó ń pè ní feminism, ní ìṣègbèfábo. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí adájọ́ bá ṣègbè, gbogbo ọjà ni yóò sọ pé ẹjọ́ náà kò tọ́. Báwo ni a ṣe máa mú ìṣègbè wọ kíláàsì, kí a sì retí pé kí ọmọ kọ́ òtítọ́ níbẹ̀? Lọ́nà kejì, kí òyìnbó tó dé, àwọn obìnrin wa kì í ṣe ẹni ẹ̀yìn. Ìyálóde wà. Erelú wà nínú Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni ti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, wọ́n sì ń jókòó níbi tí a ti ń dá ẹjọ́ ìlú. Ní Rẹ́mọ wa níbí, ta ló kó òwò obì gbànja dání bí kò ṣe obìnrin? Mo wá rò ó pé bóyá àrùn tí kì í ṣe tiwa ni a ń wá oògùn rẹ̀ kiri.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yín lórí ìṣègbèfábo kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí èmi náà kò fẹ́ràn orúkọ yẹn. Àwọn tó dá a sílẹ̀ gbà pé gbígbè lẹ́yìn ẹni ni, ṣùgbọ́n etí ọmọ Yorùbá ẹjọ́ tí kò tọ́ ni ó ń gbọ́. Ó dùn mọ́ mi pé ìdààmú orúkọ yìí gan-an ni àwọn obìnrin onímọ̀ wa ti bá jà tipẹ́. Ìdí tí Ògúndípẹ̀ fi dá Stiwanism sílẹ̀ ni pé ó ti sú u láti máa dáhùn ẹ̀sùn pé òyìnbó ni òun ń fara wé. Ṣáájú rẹ̀, ní 1985, Chikwenye Okonjo Ogunyemi ti yan womanism, èrò tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ obìnrin dúdú. Catherine Acholonu pe tirẹ̀ ní motherism ní 1995, ó fi ipò ìyá ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Obioma Nnaemeka mú nego-feminism wá ní 2004, ó ní ní ilẹ̀ wa, àfọ̀rọ̀wérọ̀ àti kí a jọ gbà fún ara wa ni a fi ń yanjú ọ̀rọ̀. Wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbà pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ tiwa dúró sí.

Ní ti Ìyálóde, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ béèrè: báwo ni ọ̀rọ̀ Ìyálóde ṣe dé inú ìwé ìtàn tí a fi ń kọ́ni ní yunifásítì? Obìnrin kan ló jókòó tì í. Ní 1977 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ipò Ìyálóde nínú ìṣèlú Yorùbá, níbi tí ó ti ṣàlàyé agbára tí oyè náà ní àti bí ìjọba amúnisìn ṣe sọ ọ́ di oyè ẹ̀yẹ lásán. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìyẹn, ní 1974, ó ti kọ̀wé láti fi hàn pé oríkì lè jẹ́ ẹ̀rí fún òpìtàn. Ẹ wo bí ìyẹn ti tóbi tó. Bí oríkì bá di ẹ̀rí, àwọn ìyá tó ń kì wá láràárọ̀ di àwọn tó ń pa ìwé ìtàn mọ́, òpìtàn sì gbọ́dọ̀ lọ jókòó lẹ́sẹ̀ wọn. Ó wà lára àwọn tó dá ibùdó ìwádìí àti ìpamọ́ ìwé nípa obìnrin, WORDOC, sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn láàárín àwọn ọdún 1980. Nítorí náà, Bàbá, ohun tí ẹ fi ń ta kò mí gan-an, iṣẹ́ àwọn obìnrin yìí ló jẹ́ kí ọmọ yunifásítì mọ̀ ọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́gboyè Agọ́-Ìwòyè

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyèwùmí kún un, nítorí ó gbè lẹ́yìn Bàbá Ìperu lápá kan. Nínú ìwé rẹ̀ The Invention of Women, tí ó jáde ní 1997, ó ní kí àwọn amúnisìn tó dé, kì í ṣe akọ tàbí abo ni Yorùbá fi ń to ènìyàn, bí kò ṣe ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó fi èdè wa ṣe ẹ̀rí. A ní ẹ̀gbọ́n, a ní àbúrò, a ní ọmọ, kò sì sí èyí tó sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bí mo bá ní "ó ti dé," ẹ kò lè mọ̀ bóyá ìyá mi ni tàbí bàbá mi. Ìyàwó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé sì ń pe ọmọbìnrin ilé tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá ní "ọkọ mi."

Ẹ wá wo àwọn ìwé ìbéèrè wa. Àpótí àkọ́kọ́ tí a ń ní kí ènìyàn fàmì sí ni akọ tàbí abo, a ó sì gbé gbogbo ìtúpalẹ̀ wa ka orí rẹ̀. Ní ìdí ebu gàrí, ó ṣeé ṣe kí ohun tó ń pín owó jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, tàbí ẹni tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ àti ẹni tó jẹ́ ìyàwó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn bá kàn béèrè ohun tó wà nínú ìwé òyìnbó, kò lè rí èyí láéláé.

Ìyá Olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Òde

Àbúrò mi Akẹ́kọ̀ọ́gboyè, o ka ìwé náà dáadáa, ṣùgbọ́n má ṣe dúró síbẹ̀. Bibi Bakare-Yusuf ti dá Oyèwùmí lóhùn ní 2003. Kókó èsì rẹ̀ ni pé a kò lè ti inú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mọ bí agbára ṣe ń rìn nínú ilé àti nínú ìlú. Pé èdè kan kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo kò sọ pé àwọn tó ń sọ ọ́ kì í yà wọ́n. Ó sì fi kún un pé ipò àgbà kì í dá nìkan ṣiṣẹ́. Ó máa ń bá owó rìn, ó máa ń bá oyè rìn, ó sì máa ń bá akọ àti abo rìn.

Mo gba èyí gbọ́ nítorí mo ti fi ara rí i. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo kéré, èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwọn olùkọ́ mẹ́sàn-án. Gbogbo ìpàdé, èmi ni wọ́n ń ní kí n kọ àkọsílẹ̀. Gbogbo àpèjẹ, èmi ni wọ́n ń ní kí n bu oúnjẹ. Kò sí ẹni tó sọ pé nítorí pé mo jẹ́ obìnrin ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Àbúrò wa ni." Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n gba ọkùnrin kan tó kéré sí mi dáadáa. Kò kọ àkọsílẹ̀ rí, kò sì bu oúnjẹ rí.

Ọ̀rọ̀ àgbà yìí sì ní ibi tí ó ti burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún tí a ti kọ́ láti kékeré pé a kì í wo àgbà lójú, a kì í sọ fún àgbà pé rárá, ni a gbé síwájú ọkùnrin tó ní máàkì rẹ̀ lọ́wọ́, tí a sì ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni àwùjọ yóò wá bi í pé kí ló dé tí kò pariwo. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá òfin lórí ìfìtínà ìbálòpọ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní 2016, wọ́n sì tún fọwọ́ sí òmíràn ní oṣù Keje ọdún 2020, èyí tí ìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Mo fẹ́ òfin, ṣùgbọ́n ìkọ́ni tí mò ń sọ nípa rẹ̀ kò dúró de òfin. Ní tèmi, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní alábòójútó kan ṣoṣo. Ẹni méjì ni, kí ó lè rí ẹnì kejì sá bá. A máa ń kọ ọjọ́ àti wákàtí tí a máa rí ara wa sílẹ̀, a sì máa ń rí ara wa ní ibi tí àwọn ènìyàn ń gbà kọjá.

Ó tún ku ohun kan tí ó kéré lójú, tí mo sì gbà pé òun ni gbòǹgbò. Ẹ wo kíláàsì yín. Gómìnà kíláàsì máa ń jẹ́ ọkùnrin, igbákejì rẹ̀ máa ń jẹ́ obìnrin, òun ló sì ń kó ìwé jọ. Bí mo bá béèrè ìbéèrè, àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó wà níwájú ni yóò nawọ́. Mo ka èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n tó gbà á gbọ́. Mo wá yí i padà. Mo máa ń fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kí oníkálukú kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò kà á fún ẹni tó jókòó tì wọ́n, ẹni yẹn ni yóò sì sọ ohun tí ó gbọ́ fún gbogbo wa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọbìnrin kan láti Òdògbolú, tí n kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láti ọdún méjì, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ogún jíjẹ láàárín àwọn ọmọ ìyá ju bí èmi ti ṣe é lọ. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n ni látilẹ̀. Bí kíláàsì ṣe rí ni kò fún un láyè.

Ọmọ Elégàrí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. N kò lọ sí yunifásítì. Mo ń ta gàrí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá mi ló ń yan án, ìyá tirẹ̀ náà ló yan án ṣáájú rẹ̀. Ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí, mo sì kà á tán láàárọ̀ yìí kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ ní onímọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyá mi mọ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti bó ẹ̀gẹ́, tí a fọ̀ ọ́, tí a sì rin ín, a ó dì í sínú àpò kí ó lè kan. Ibi tí gàrí Ìjẹ̀bú ti yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn nìyí, nítorí a máa ń jẹ́ kí ó kan dáadáa, òun ló ń fún un ní adùn kíkan tí gbogbo ènìyàn ń torí rẹ̀ wá a kiri. Ìyá mi kì í wo aago. Ó máa ń fi imú gbóòórùn àpò náà, ó máa ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò ní, "Ó ku ọ̀la." Lẹ́yìn náà ni a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì yan án. Ọmọ mi tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ló sọ fún mi pé májèlé kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní cyanide, pé rírin, kíkan, fífún àti yíyan ni ó ń lé e jáde. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní orúkọ, ẹ̀mí àwọn ọmọ wọn ni wọ́n sì fi ń dáàbò bò.

Àwọn tó ń wá ṣèwádìí, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń dé, ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, nígbà tí iná ti ń jó lábẹ́ agbada. Bí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò nínú gàrí fún ìṣẹ́jú kan, ó ti di ẹ̀tù. Wọn yóò bi wá ní iye tí à ń pa. Ta ló ń sọ iye tó ń pa fún àlejò? Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi ìyá mi léèrè nípa èéfín. Ojú rẹ̀ ń dà á láàmú, ìkọ́ rẹ̀ kì í tán. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni kí yunifásítì bá ọ wádìí, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ nìyẹn: ẹ bá mi wá bí èéfín yìí ṣe máa kúrò lójú mi.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, obìnrin tí mo jẹ́ yìí. Nínú ogójì ìbéèrè tí mo fọwọ́ sí, èéfín kò sí nínú wọn.

Ohun tí ẹ sọ yìí ni àwọn obìnrin onímọ̀ Áfíríkà ti ń sọ fún àwọn yunifásítì. Nígbà tí wọ́n dá AAWORD, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Áfíríkà fún ìwádìí àti ìdàgbàsókè, sílẹ̀ ní Dakar ní 1977, ọ̀kan lára ohun tó bí wọn nínú ni pé àwọn àlejò ló ń yan ìbéèrè nípa obìnrin Áfíríkà, tí wọ́n sì ń kó ìdáhùn lọ. Ayesha Imam, Amina Mama àti Fatou Sow kó ìwé kan jọ ní 1997 láti fi hàn bí ìmọ̀ àwùjọ ní ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀ ṣe fojú fo ọ̀rọ̀ akọ àti abo. Ní 2002, Amina Mama àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà Feminist Africa, kí àwọn onímọ̀ tó wà ní ilẹ̀ yìí lè ní ibi tí wọ́n ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń sọ ọ́, èmi tí mo sì ka gbogbo rẹ̀ ṣì fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè tí kò ní èéfín nínú. Kíkà nìkan kò tó. Mo ti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí ó fi ìwé ìbéèrè náà sílẹ̀, kí ó padà lọ ní ọjọ́ tí àwọn ìyá náà bá yàn, kí ó sọ Yorùbá, kí àwọn gan-an sì sọ ohun tó yẹ kí a béèrè.

Ọmọ Ahunṣọ

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ aṣọ kún un, n kò ní pẹ́. Aṣọ olónà tí àwọn ìjòyè Òṣùgbó máa ń fi kọ́ èjìká, obìnrin Ìjẹ̀bú ló ń hun ún lórí òfì òòró. Aṣọ náà rìn jìnnà. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Kalabari lẹ́bàá òkun, wọ́n ń pè é ní ikakibite, aṣọ ìjàpá, àwọn ahunṣọ Akwete ní ilẹ̀ Ìgbò náà sì ń hun irú rẹ̀. Ó wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun. Èyí tí mo rí àwòrán rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni "Yorùbá, Ìjẹ̀bú." Orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń lò ó wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó hun ún kò sí. Ìyá ìyá mi máa ń fi ojú kan dá iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀, bí ènìyàn ṣe ń dá ìkọ̀wé mọ̀. Bí ẹnì kan bá ti bi wọ́n léèrè nígbà tí aṣọ náà ń kúrò nílé, a ò ní máa wá orúkọ kiri lónìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bílíkísù Sùngbọ́ ní Òkè-Erì kò jìnnà sí èyí. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sọ pé òun, obìnrin olówó kan, ló mú kí wọ́n wa Ẹrẹ́dò, yàrà tó yí Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí ìrìn kìlómítà 160. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kò ní ìsinmi títí wọ́n fi so ó mọ́ ayaba Ṣéba. Ṣé obìnrin Ìjẹ̀bú kan kò lè ní agbára láti pe ènìyàn jọ fún iṣẹ́ ńlá, àfi bí ó bá ti inú Bíbélì tàbí Kùránì wá?

Bàbá Ìperu

Mo ti ń ka gbogbo yín láti ọjọ́ méjì, n kò sì sùn dáadáa lánàá. Aya mi ta obì gbànja ní Ṣágámù fún ọgbọ̀n ọdún, ó ń bá àwọn ará Sábó dòwò, ó sì mọ obì tí yóò dé Kánò láìjẹrà àti èyí tí kòkòrò yóò jẹ lọ́nà. Ó ń fi ewé tútù bò ó nínú agbọ̀n, ó ń yí i padà, ó ń ṣa á. Bàọ́lọ́jì ni mo fi kọ́ni ní gbogbo ọdún yẹn. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ lórí kòkòrò tó ń ba irè oko jẹ́, láti inú ìwé tí àpẹẹrẹ inú rẹ̀ jẹ́ ti ìlú òyìnbó. N kò fi ọjọ́ kan bi í léèrè. Ó ti lọ báyìí, n kò sì lè bi í mọ́.

Nítorí náà mo yí ọ̀rọ̀ mi padà díẹ̀. N kò tíì fẹ́ràn orúkọ ìṣègbèfábo, ṣùgbọ́n èmi ni mo ti ń ṣègbè látijọ́. Ohun tó kù tó ń kan mí ni ọ̀nà tí ẹ máa gbé e gbà. Mo gbọ́ pé ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbé jáde ní ìparí ọdún 2022 yan ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fún gbogbo yunifásítì, ó sì fi ìdá 30 sílẹ̀ kí oníkálukú fi ohun tó bá agbègbè rẹ̀ mu kún un. Kí ni àwọn yunifásítì Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ fi kún tiwọn? Ṣé ẹ̀gẹ́, obì àti òfì wà níbẹ̀? Bí wọ́n bá sì wà níbẹ̀, ta ni a pè láti wá kọ́ni?

Ìyá Olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Òde

Bàbá, ẹ kú àfẹ́kù. Ìdá 30 yẹn ni ibi tí a lè dúró sí, nítorí kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé ìlànà kò gbà wá láyè. Ohun tí mo máa gbé lọ sí ìpàdé wa tó ń bọ̀ ni kí a sanwó fún ìyá ahunṣọ tàbí ìyá elégàrí tó bá wá kọ́ni, bí a ṣe ń sanwó fún olùkọ́ àlejò, kí a má kàn fún un ní owó mọ́tò.

Akẹ́kọ̀ọ́gboyè Agọ́-Ìwòyè

Mo ti padà ka Bakare-Yusuf. Mo gbà pé mo fẹ́ kí èdè ṣe ẹ̀rí ju bó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí pé kí a béèrè ẹni tó ṣáájú kí a tó béèrè akọ tàbí abo, kí a sì béèrè méjèèjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sí abúlé

Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo yín. Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ mi ń sọ nípa rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo padà lọ, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí kò sí iná lábẹ́ agbada. Ìyá àgbà yẹn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí ó rí mi, ó ní òun kò retí mi.

Mo ti túmọ̀ ojú-ìwé márùn-ún tí mo kọ nípa wọn sí Yorùbá, mo sì kà á sókè fún wọn. Wọn kò jẹ́ kí n dé ìparí ojú-ìwé kejì. Mo ti kọ ọ́ pé ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀gẹ́ fi ń kan. Wọ́n ní irọ́ ni, pé nígbà ọyẹ́, òtútù kì í jẹ́ kí ó yára, ó lè tó ọjọ́ márùn-ún, gàrí tí ó bá sì kúrò nínú àpò ṣáájú kì í ṣe gàrí tí wọ́n ń fi orúkọ Ìjẹ̀bú tà. Mo sì kọ ọ́ pé ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ ara wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá mi dúró gan-an. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àáró ni, kì í ṣe ọ̀wẹ̀." Ọ̀wẹ̀, o máa bẹ ènìyàn, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ. Àáró, iṣẹ́ tí mo bá ọ ṣe lónìí, gbèsè ni lọ́rùn rẹ, o gbọ́dọ̀ wá bá mi ṣe é. Nínú ìwé ìbéèrè mi ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo lò fún méjèèjì, nítorí náà n kò rí gbèsè náà. Ẹ sì wò ó, gbèsè yẹn ni gbogbo ohun tí mo ń wá. Òun ló ń pín owó wọn: ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kí ó san àáró ni ó ń fi gàrí dípò rẹ̀, àwọn tó dàgbà jù sì ni a máa ń dárí rẹ̀ jì.

Mo bi wọ́n léèrè nípa èéfín náà. A wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo béèrè bóyá kí n kọ orúkọ wọn. Àwọn méjì ní kí n má kọ tiwọn, nítorí ọ̀rọ̀ owó tó wà níbẹ̀. Àwọn tó kù gbà. Ìyá àgbà ní kí n kọ ti òun, kí n sì kọ ti ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, nítorí òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń fi imú mọ gàrí. Mo ti kọ méjèèjì sí ojú-ìwé kẹrin, níbi tí a máa ń kọ orúkọ àwọn onímọ̀ tí a fa ọ̀rọ̀ wọn yọ sí. Olùkọ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ ojú-ìwé náà wò kí n tó lọ tẹ̀ ẹ́. Mo ti ṣèlérí pé èmi fúnra mi ni màá mú ẹ̀dà kan lọ fún wọn.